Oríkì Ọmọ Ọlọ́mọ Ni Mo Fi Ṣílẹ̀kùn

Ẹ̀yin òbí àwọn ọmọ Kíláàsì Karùn-ún, èmi Morádéyọ̀ Odùfúwà, ẹni tí àwọn ọmọ yín ń pè ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ojú Wásáàpù yín. Ó gùn. Ẹ dákun, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó pè mí, nítorí bí ẹnì kan bá pè mí báyìí tó bá mi sọ ọ̀rọ̀ dídùn, n ó tún gbé e mì. Mo ti kọ ọ́, mo ti pa á rẹ́, mo tún ti kọ ọ́. Mo jókòó, mo dìde, mo gbé omi kaná, mo gbàgbé láti tan sítóòfù. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yìí níkùn, ìdí rẹ̀ kò lè gbé àga. Ẹ gbọ́ pé Hafeezah ló kọ irọ́ mọ́ Ọ̀gbẹ́ni Máyọ̀wá ní sáà tó kọjá. Ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu ọmọ náà fúnra rẹ̀. Irọ́ ni. Èmi olùkọ́ rẹ̀ ni mo kọ ọ́.

Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ fi tábúlẹ́ẹ̀tì ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ, èmi ni Ìyáàfin Ìbítáyọ̀, ọ̀gá àgbà wa, kó wọn lé lọ́wọ́. Mo kọ́ àwọn ọmọ yín bí a ṣe ń tàn án, bí a ṣe ń pa á, bí a ṣe ń fi ìka ṣí ojú-ewé. Mo sì kọ́ wọn ní ìwà ọmọlúàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Má kọ ohun tí o kò lè sọ lójú ìyá rẹ. Má fi àwòrán ẹlòmíràn síta láìgbàṣẹ. Má wọ ojú-ewé tí kì í ṣe tìrẹ. Má fi orúkọ ẹlòmíràn kọ ohunkóhun. Mo sọ ọ́ di orin fún wọn, àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé ọmọ ń kọ ọ́ nínú balùwẹ̀ títí ọṣẹ fi wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, wọ́n ní. Ẹṣin iwájú yín rèé.

Ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ló bí gbogbo rẹ̀. Olúkúlùkù ọmọ ní ojú-ewé tirẹ̀ tó ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, páásíwọ́ọ̀dù ló sì fi ń wọ ibẹ̀. Ọmọdé a máa gbàgbé. Lónìí ó tẹ bisikíìtì, lọ́la ó ní bọ́ọ̀lù lòun tẹ̀, ẹkún a sì gba yàrá kan. Mo wá ronú kan ọgbọ́n kan tó dùn mọ́ mi nínú: mo ní kí wọ́n lọ bèèrè oríkì wọn nílé, kí wọ́n fi ṣe páásíwọ́ọ̀dù, pé ta ló ń gbàgbé orúkọ tí ìyá àgbà fi ń kẹ́ ẹ. Àwa Ìjẹ̀bú rèé, oríkì àbísọ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàrin wa bíi ti àwọn ará Ọ̀yọ́. Ìdajì yín ló jókòó ṣe oríkì fọ́mọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá kan fún ọmọkùnrin rẹ̀ ní orúkọ tí wọ́n fi ń pe bàbá fúnra rẹ̀ nídìí ayò. Ọmọ kan mú odindi oríkì ìdílé wá, láti orí baba ńlá tó kó wọn wá sí Ìjẹ̀bú, tábúlẹ́ẹ̀tì kò gbà á. A rẹ́rìn-ín títí. Ní ìpàdé àwọn òbí, Ìyáàfin Ìbítáyọ̀ yìn mí pé mo fi àṣà kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin náà sì pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi wú. Mo mọ̀, láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, pé a kì í fi orúkọ ṣe páásíwọ́ọ̀dù, pàápàá orúkọ tí wọ́n ń pè sókè láràárọ̀ lójúde. Mo mọ̀, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ yín dùn létí mi.

Hafeezah jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tí oríkì wọn jẹ́ ojúlówó. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ tó ń pè ní Màmá, Alhaja Kúbúrátù tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ọjà Òkè-Ajé, ló ń gbé, nítorí Èkó ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ará Ìsẹ́yìn ni ìyá Alhaja, wọn kò sì fi oríkì ṣeré nílé wọn. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ó dúró kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, ó wá bá mi nídìí tábìlì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sọ ọ́ sí mi létí. Ó ní, “Àwẹ̀ró ni, Àǹtí. Màmá ní kí n má jẹ́ kí wọ́n máa fi pè mí níbi eré.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ ní kí a tẹ páásíwọ́ọ̀dù kó bára mu, ó tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, kò bára mu. Mo ní kó má ṣàníyàn, mo bá a tẹ̀ ẹ́, láìfi àmì kankan sí i, nítorí n kò tíì kọ́ wọn ní bí a ṣe ń fi àmì sórí lẹ́tà. Báyìí ni kọ́kọ́rọ́ ọmọ ọlọ́mọ ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Máyọ̀wá, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò àti èdè, ló kọ́kọ́ rí ibi tí ọgbọ́n mi ti jò. Ní ìpàdé olùkọ́, ó dìde, ó ní àwọn ọmọ ti ń wọ ojú-ewé ara wọn, pé oríkì tí wọ́n mú wá ni wọ́n fi ń pe ara wọn lórí pápá. Ó ní, “Àǹtí Morádéyọ̀, ẹ má bínú. Ẹ fún wọn ní àgádágodo, ẹ wá so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn lára.” Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ló sọ, kò sì bú mi. Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Ìbítáyọ̀ mi orí, ó ní bóyá Ọ̀gbẹ́ni Máyọ̀wá ni kó lọ ṣojú wa níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́ tó ń bọ̀ ní Abẹ́òkúta, èyí tí mo ti sọ fún gbogbo ẹbí pé èmi ni mò ń lọ, tí mo ti rán aṣọ tí n ó wọ̀ lọ. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n lọ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà gan-an. N kò ṣe é. Inú ń bí mi, mo sì ń wá ẹni tí yóò bá mi jẹ nínú ìtìjú náà.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Máyọ̀wá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ọmọ kò sì jẹ́ kí wọ́n fojú kan oorun. Ọkùnrin náà ti tòògbé ní kíláàsì rí, lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wa la sì mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ìpàdé náà, àwọn ọmọ wà lórí pápá, mò ń gbọ́ ariwo bọ́ọ̀lù wọn. Mo mú tábúlẹ́ẹ̀tì kan. Mo tẹ Hafeezah, mo tẹ awero, ilẹ̀kùn ṣí. Kí ló dé tó fi jẹ́ tirẹ̀? Nítorí ọmọ jẹ́jẹ́ ni, mo sì sọ fún ara mi pé wọn kò ní lè ṣe ọmọ jẹ́jẹ́ ní nǹkan. Mo kọ ọ́ bí ọmọdé ṣe ń kọ̀wé: “Ọ̀gá Máyọ̀wá máa ń sùn ní kíláàsì. Wọ́n ní ká má sọ ọ́ nílé.” Gbólóhùn kejì yẹn, kò wáyé rí. Mo fi kún un kí ti àkọ́kọ́ lè múlẹ̀ ni. Èrò mi ni pé Ìyáàfin Ìbítáyọ̀ nìkan ni yóò rí i. Mo gbàgbé pé èmi fúnra mi ni mo so ojú-ewé àwọn ọmọ mọ́ fóònù gbogbo yín, kí ẹ lè máa rí iṣẹ́ wọn.

Ẹ mọ ohun tó tẹ̀lé e, nítorí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. “Wọ́n ní ká má sọ ọ́ nílé.” Ta ni òbí tí yóò ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ kò ní rú? Kí aago tó lù láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ àti ọ̀kadà ti dí ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá kan di Ọ̀gbẹ́ni Máyọ̀wá lọ́rùn aṣọ mú. Ọkùnrin náà kò jà, ó ṣáà ń wí pé, “Kí ni mo ṣe? Ẹ bi àwọn ọmọ.” Wọ́n bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó sọ pé òun gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ni ọ̀rọ̀ bá yíjú sí Hafeezah. Mo lè jẹ́wọ́ nígbà náà. Ẹyin lohùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bọ́ kò tíì balẹ̀ nígbà yẹn, mo ṣì lè tẹ́ ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Mo kó ọwọ́ méjèèjì sápò.

Ìyáàfin Ìbítáyọ̀ pe Hafeezah àti Alhaja sí ọ́fíìsì, Ọ̀gbẹ́ni Máyọ̀wá wà níbẹ̀, wọ́n sì pè mí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Ọ̀gá bi mí pé, “Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ṣé ẹlòmíràn lè wọ ibẹ̀?” Mo ní, “Ẹni tó bá mọ páásíwọ́ọ̀dù nìkan ni, Mà.” Alhaja ní, “Àwa méjèèjì la mọ orúkọ yẹn nílé, èmi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tan nǹkan ọ̀hún.” Hafeezah gbójú sókè wò mí. Ó ní, “Àǹtí, mo sọ fún yín. Ẹ̀yin lẹ bá mi tẹ̀ ẹ́.” Mo wo ọmọ ọlọ́mọ lójú, mo ní, “Ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ mi, Hafeezah. Mi ò rántí.” Ó tún tọ́ka sí ìwé tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ náà sí, tó wà lórí tábìlì. Ó ní, “Ẹ wo àmì tó wà lórí ẹ̀, Mà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sí i.” Bàbá mi kọ́ni ní Yorùbá títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ mi kì í kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, kódà nígbà tó ń jalè. Mo ti díbọ́n bí ọmọdé, mo sì fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀kan. Mo ní, “Mo ti kọ́ wọn ní ìyẹn, Mà.” Ìyáàfin Ìbítáyọ̀ wo ọmọ náà bí ẹni wo ọmọ tó ti bàjẹ́ kọjá ọjọ́ orí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo wọ kíláàsì, mo kọ́ gbogbo wọn bí a ṣe ń di lẹ́tà mọ́lẹ̀ títí àmì yóò fi yọ, kí irọ́ mi lè rí òtítọ́ fẹ̀yìn tì. Inú wọn dùn. Wọ́n ń kọ orúkọ ara wọn, wọ́n ń fi hàn mí. Hafeezah nìkan ló káwọ́ gbera.

Ìdájọ́ tí wọ́n ṣe ni pé kí Hafeezah jẹ́wọ́ níbi àpéjọ àárọ̀, kó tọrọ àforíjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọmọ náà kọ̀. Ó ní òun kò lè jẹ́wọ́ ohun tí òun kò ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó ń kọ̀. Alhaja ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó pa ìsọ̀ tì. Ìyáàfin Ìbítáyọ̀ wá pè mí sápá kan, ó ní, “Ó fẹ́ràn yín. Ẹ bá mi kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ ọ́.” Títí dé ìhín, ẹ lè sọ pé owú ló mú mi, tàbí ẹ̀rù. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn èyí, n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Mo mú ọmọ náà lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, “Bí o bá ti sọ ọ́, ó tán. Màmá á sinmi.” Ó wá bi mí pé, “Àǹtí, ṣé èmi ni mo kọ ọ́?” Kì í ṣe pé ó ń dán mi wò. Ó ń bèèrè lóòótọ́ ni, bí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́. Ó ní bóyá òun kọ ọ́ tí òun kò mọ̀. Ó ní gbogbo àgbàlagbà ló ní òun ni, àgbàlagbà kò sì ní jọ máa purọ́. Ẹ jẹ́ kí n dìde díẹ̀. Mo ti dìde, mo ti rìn dé ẹnu ọ̀nà, mo ti padà. Mo sọ fún un pé, “Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.” Ohun tí mo sọ fún ọmọ tó fọkàn tán mi nìyẹn. Mo wá kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ náà: “Orúkọ mi ni Hafeezah. Èmi ni mo kọ irọ́ mọ́ olùkọ́ mi. Ẹ dárí jì mí.” Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Níbi tó bá ti kọsẹ̀, mo ń bá a gbé e, bí mo ṣe ń bá wọn gbé orin.

Ó dúró níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yin òbí, ó sọ ọ́ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Èmi ni mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ọ̀gbẹ́ni Máyọ̀wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á mọ́ra, ó ní ó ti tán, òun kò bínú. Àwọn kan nínú yín fi ọpẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé mo mọ bí a ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ìyáàfin Ìbítáyọ̀ sì ní èmi ni kí n lọ sí Abẹ́òkúta. Mo wọ aṣọ tí mo rán, mo lọ. Ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń dáàbò bo ọmọdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ́ wa. Mo jókòó síwájú, mo ń mi orí sí i.

Mo rò pé ó ti parí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Alhaja Kúbúrátù wá sílé mi lọ́sàn-án. Nígbà tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, mo rò pé àṣírí ti tú. Ó wá dúpẹ́ ni. Ó ní, “Tíṣà, Ọlọ́run a bá yín tọ́ tiyín. Ẹ bá mi gba ọmọ lẹ́nu ìtìjú. Ọ̀kan ló kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí. Mo pè é ní Àwẹ̀ró, kò jẹ́ mi. Mo tún un pè. Ó ní òun kọ́ ni Àwẹ̀ró, pé Àwẹ̀ró ló kọ irọ́ yẹn, òun Hafeezah ò mọ̀ nípa ẹ̀. Orúkọ ìyá tó bí mi ni mo fi ń pè é, Tíṣà. Bí mo bá pè é báyìí, ó ń sá wọ yàrá. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó máa jẹ́ ẹ.” Mo ní màá bá a sọ̀rọ̀. Ó gbàdúrà fún mi, ó sì lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Láti ọjọ́ náà n kò lè jókòó síbì kan. Bí wọ́n bá pe ẹnikẹ́ni lóríkì ládùúgbò wa, n ó ti fèrèsé.

Mo kọ́kọ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Máyọ̀wá. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, “Mo rí àwọn àmì yẹn lọ́jọ́ náà, Àǹtí. Mo sọ fún ara mi pé kò lè jẹ́ ẹ̀yin.” Ó pa fóònù. Mo kọ̀wé sí Ìyáàfin Ìbítáyọ̀ pé kó gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kó sì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ níbi àpéjọ àárọ̀. Lánàá, mo lọ sílé Alhaja, mo kúnlẹ̀ níwájú òun àti ọmọ náà, mo sọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ì bá wù mí kí Alhaja bú mi. Kò bú mi. Ó yí ojú sí ògiri, ó ní, “Mo ti gbọ́. Ẹ lọ sọ fún àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́.” Ìdí rèé tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn ọmọ yín pé orin tí mo kọ́ wọn, òótọ́ ni, ẹni tó kọ́ wọn ni kò dára. Kí wọ́n má fi orúkọ ẹlòmíràn kọ ohunkóhun, nítorí ọ̀rọ̀ tí a pa rẹ́ lójú ẹ̀rọ kì í pa rẹ́ lára ẹni tí a kọ ọ́ mọ́. Kí ẹ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù wọn lónìí. Bí àgbàlagbà kan, ìbáà ṣe olùkọ́, bá sì ní kí wọ́n jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe, kí wọ́n máa kọ̀ bí Hafeezah ṣe kọ̀, kí ẹ̀yin sì dúró tì wọ́n.

Nígbà tí mo fẹ́ jáde lánàá, ọmọ náà tẹ̀lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó bi mí bóyá wọ́n máa ní kí èmi náà sọ ọ́ níbi àpéjọ. Mo ní èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́, pé lọ́jọ́ Ajé ni. Ó ronú sí i. Ó ní, “Ta ló máa kọ́ yín bí ẹ ṣe máa sọ ọ́?” Ẹ wá lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú àwọn ọmọ yín dání, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé àánú wà nínú yín, àwọn kan á fẹ́ tètè dárí jì mí kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ẹ má kánjú. Hafeezah ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ̀, nítorí gbogbo wa la ní òun ni. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́ tán, tó bá jẹ́ Àwẹ̀ró fún ìyá àgbà rẹ̀, ẹ wá ro tèmi.